Ẹni Tí Ó Jìn sí Kòtò: Ìtàn Ààbò Òṣìṣẹ́ Nídìí Ẹ̀rọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Òwe àtàtà ni, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹnì kan ní láti kọ́kọ́ jìn kí àwọn yòókù tó gbọ́n. Òwe náà kò sì sọ ohun tí a ó ṣe bí àwọn ará yòókù bá rí kòtò, tí wọ́n rí ẹni tí ó jìn sí i, tí wọ́n sunkún rẹ̀, tí wọ́n sì tún gba ibẹ̀ kọjá ní ọjọ́ kejì láì dí kòtò náà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, ọ̀nà ìtàn ni n ó sì gbà wọ̀ ọ́: bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti máa dáàbò bo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, iye tí ẹ̀kọ́ náà ná wọn, àti bí ẹ̀kọ́ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ àwa náà.

Kí ẹ̀rọ tó dé, irin ti wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn baba ńlá wa mọ irin í yọ́, wọ́n mọ̀ ọ́n rọ, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí ó ń fúnni lóúnjẹ náà lè gba ẹ̀mí ẹni. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi Ògún ṣe olórí gbogbo ẹni tí ó ń fi irin jẹun: àgbẹ̀, ọdẹ, alágbẹ̀dẹ, onígbàjámọ̀, oníkọlà, àti ní ayé òde òní, awakọ̀ àti mẹkáníìkì. Ẹni tí ó bá wo àgbẹ̀dẹ àtijọ́ dáadáa yóò rí i pé ètò ààbò wà níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá wá kọ́ṣẹ́ kì í fọwọ́ kan owú ní ọjọ́ tí ó dé. Ìdí ẹwìrì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò máa fẹ́ iná, yóò máa wo bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń fi ẹ̀mú di irin gbígbóná mú, yóò mọ ibi tí iná ń ta sí, yóò sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nígbà tí owú bá ń sọ̀. Ojú rẹ̀ ti mọ ewu náà tipẹ́tipẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà, síbẹ̀, láàrin owú alágbẹ̀dẹ àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá. Apá ẹni tí ó mú owú dání ni ó ń gbé owú sókè. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, owú dúró. Bí ó bá rí ọwọ́ ọmọṣẹ́ lórí irin, owú dúró. Ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tí ń ṣàn, ooru omi gbígbóná tàbí iná mànàmáná ni ó ń yí i. Kì í rẹ̀ ẹ́, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin òwú àti irun orí, tàbí láàrin igi àti ìka ọwọ́. Èyí tí ó tún wá burú jù ni pé ẹni tí ó ń pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ máa yí lè má jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ni ó ni èrè, ẹlòmíràn ni ó ni ìka.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣòro yìí ti kọ́kọ́ fojú hàn gbangba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ilé-iṣẹ́ òwú ti pọ̀ lọ jàra ní agbègbè Lancashire. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo ni ó máa ń fún gbogbo ilé ní agbára. Ọ̀pá irin gígùn a máa yí lókè àjà láti ìkangun ilé kan dé ìkangun kejì, bẹ́líìtì awọ a sì máa ti ara ọ̀pá náà sọ̀ kalẹ̀ wá sí ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pá tàbí bẹ́líìtì bá gbá aṣọ tàbí irun òṣìṣẹ́ mú, yóò ti gbé e yí ká kí ẹnikẹ́ni tó lè sáré lọ dá ẹ̀rọ dúró. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ni ó jẹ́ obìnrin àti ọmọdé. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń rán wọ abẹ́ ẹ̀rọ láti lọ gbá ìdọ̀tí òwú jáde nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Kí òǹkàwé má baà rò pé ìtàn òkèèrè lásán ni èyí, kí ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta tí ó wà ní ọjà àdúgbò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó rí ẹ̀rọ níhìn-ín, ọlọ onírin lọ́hùn-ún, àti bẹ́líìtì gígùn kan láàrin wọn tí ó ń sáré láìsí ohunkóhun tí ó bò ó. Ẹni tí ó gbé ata wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì náà pẹ̀lú ìró àti ìborùn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Irú ohun tí ó ń gbé agbára láti ara ẹ̀rọ kan dé ara òmíràn yìí gan-an ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dojú kọ ní nǹkan bí 180 ọdún sẹ́yìn.

Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lórí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ jáde ní 1802, àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú ni ó sì wà fún. Òfin náà kò ní eyín, nítorí pé kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti lọ wò ó bóyá wọ́n ń pa á mọ́. Ó di 1833 kí ìjọba tó yan alábẹ̀wò ilé-iṣẹ́ mẹ́rin péré fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àwọn mẹ́rin yìí rìn, wọ́n wò, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Nígbà tí òfin 1844 jáde, ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìdábòòbò yí àwọn ọ̀pá àti àgbá kẹ̀kẹ́ tí ń gbé agbára ká, pé kí obìnrin tàbí ọmọdé má ṣe nu àwọn ohun wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá ń yí, àti pé kí wọ́n máa fi ìjàǹbá tó aláṣẹ létí. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni gbòǹgbò. Ìjàǹbá tí a kò bá kọ sílẹ̀ kò ní lè kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Àwọn onílé-iṣẹ́ kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Nígbà tí àwọn alábẹ̀wò tẹpẹlẹ mọ́ ọn ní 1854 pé ọ̀pá tí ó wà lókè àjà pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìdábòòbò, àwọn onílé-iṣẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1855 láti bá òfin náà jà. Wọ́n ní ìnáwó rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n ní àìfarabalẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ń fa ìjàǹbá. Ìwé àtìgbàdégbà tí Charles Dickens ń ṣe olóòtú rẹ̀ gbèjà àwọn òṣìṣẹ́. Henry Morley kọ̀wé nínú rẹ̀ nípa àwọn tí ẹ̀rọ ń lọ̀ bí àgbàdo. Harriet Martineau, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé tí ó lókìkí, gbèjà àwọn onílé-iṣẹ́. Ní 1856 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dẹ okùn òfin náà. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí fún ẹni tí ó bá rò pé ọ̀làjú kì í padà sẹ́yìn. Ó ń padà, bí ẹni tí ó ń jàǹfààní ìpadàsẹ́yìn náà bá lágbára tó.

Kí ni àwọn ilé ẹjọ́ ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ní 1837, ẹjọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran kan tí ń jẹ́ Priestley dé iwájú àwọn adájọ́. Ọ̀gá rẹ̀, Fowler, ni ó rán an níṣẹ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹran ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà fọ́, itan ọmọ náà sì dá. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tí ó jù yí ìdájọ́ padà. Adájọ́ Abinger ní ọmọ ọ̀dọ̀ mọ ewu iṣẹ́ rẹ̀ bí ọ̀gá ti mọ̀ ọ́n, ó sì lè kọ̀ láti lọ. Láti inú ìdájọ́ yìí ni àṣà kan ti dìde tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ẹni tí ó gba iṣẹ́ ti gba ewu rẹ̀ mọ́ ọn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ adájọ́ yìí dún létí Yorùbá bí ohun tí a ti gbọ́ rí. Àwa náà máa ń sọ pé ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. A máa ń sọ ọ́ láti fi tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú, kò sì sí ohun tí ó burú nínú ìtùnú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ bá mú òwe yìí jáde lẹ́nu, ó ti di nǹkan mìíràn. Akíkanjú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sójú ogun, òmùwẹ̀ ni ó yan odò láàyò. Ta ni ó bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án léèrè bóyá ó fẹ́ kó sí abẹ́ ẹ̀rọ òwú? Ta ni ó sì lè kọ iṣẹ́ nígbà tí ebi wà nílé?

Ìyípadà tí ó jinlẹ̀ dé nígbà tí àwọn ìjọba rí i pé ọ̀rọ̀ ìyànjú nìkan kò tó, àfi bí ìjàǹbá bá ń na ọ̀gá ní owó. Ilẹ̀ Jámánì ni ó ṣáájú. Ní 1884, nígbà tí Bismarck wà lórí oyè, wọ́n ṣe òfin pé kí àwọn onílé-iṣẹ́ máa dá owó jọ sí àpò kan láti fi tọ́jú òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa. Kíá ni àwọn ẹgbẹ́ tí ń dá owó náà bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú ara wọn wo ilé-iṣẹ́, tí wọ́n sì ń ṣe ìlànà ààbò, nítorí pé àpò ara wọn ni ẹ̀jẹ̀ náà ń kán sí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní 1897 pẹ̀lú òfin owó gbà-má-bínú, èyí tí ó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè gba owó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀gá ni ó jẹ̀bi.

Síbẹ̀, owó gbà-má-bínú kì í jí òkú. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York, ní àjà kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá ilé gíga kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí àwọn òbí wọn ti ilẹ̀ Ítálì àti ìlà-oòrùn Yúróòpù wá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn àjà kẹsàn-án wà ní títì, torí pé àwọn ọ̀gá fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa gba ojú kan jáde kí wọ́n lè yẹ àpò wọn wò kí wọ́n má baà jalè. Ènìyàn 146 ni ó kú; ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ́ láti ojú fèrèsé. Wọ́n dá àwọn onílé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan dúró ní ìsàlẹ̀ ní ọjọ́ náà tí ó ń wò, Frances Perkins ni orúkọ rẹ̀. Ó bá ìgbìmọ̀ tí ó ṣèwádìí àwọn ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ New York ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ òfin tuntun sì jáde láti inú ìwádìí náà. Ní 1933 ó di mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò dé irú ipò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí kòtò ṣe ń kọ́ni lọ́gbọ́n, kí ó wo ìgbésí ayé obìnrin yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Èkó, ní 1901 sì ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ńlá ti di ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi ọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Síbẹ̀ ó di 1941 kí òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó jáde ní Nàìjíríà, ó sì di 1955 kí òfin tí ó kan ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní pàtó tó jáde, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí múlẹ̀ ní 1956. Òfin náà jọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1937 bí ọmọ ti ń jọ bàbá. Ó bọ́ sí àkókò, torí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń dìde ní Ìkẹjà nígbà náà, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ní 1987 ìjọba ológun fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 1994 Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti 1981 lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́. Òfin 2010 sì gbé owó gbà-má-bínú kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan sínú àpò àpapọ̀, pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí i. Ọgbọ́n Jámánì ti 1884 ni ó dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún 126.

Ẹni tí ó bá ka òfin 1987 yóò rí i pé kò ṣaláìpé. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìdábòòbò fún ọ̀pá, kẹ̀kẹ́ àti bẹ́líìtì. Ó sọ pẹ̀lú pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé-iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí ẹni tí ó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi gbólóhùn yìí sọ́kàn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná sọ lóru ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọdọ́gùnyán, ní Ìkòròdú. Àwọn òṣìṣẹ́ òru wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí ó jóná mọ́nú ilé. Láti 1911 sí 2002 jẹ́ ọdún 91. Ẹni 146 ti jìn sí kòtò yìí ní New York. Ayé ti rí wọn, ayé ti sunkún, ayé ti kọ òfin, òfin náà ti rin ìrìn àjò gba orí omi dé ọ̀dọ̀ wa, a ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wa. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kò gbọ́.

Ohun kan wà tí ó máa ń yà mí lẹ́nu nípa àgádágodo. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí ó dára jù tí wọ́n ti ṣàwárí nídìí ẹ̀rọ jẹ́ ọgbọ́n àgádágodo. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe yóò kọ́kọ́ pa iná rẹ̀, yóò fi àgádágodo tirẹ̀ ti ojú ibi tí a ti ń tan iná náà, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò ara rẹ̀. Bí ènìyàn márùn-ún bá wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, àgádágodo márùn-ún ni yóò wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀gá, bí ó ti wù kí ó kánjú tó, tí ó lè tan ẹ̀rọ náà títí ẹni tí ó kẹ́yìn yóò fi mú ọwọ́ rẹ̀ jáde. Amẹ́ríkà sọ èyí di òfin dandan ní 1989. Irin kan náà ni a fi ṣe àgádágodo yìí àti èyí tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní Ìkòròdú. Nínú ti àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ ni ó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀ dání. Nínú ti èkejì, ẹlòmíràn ni ó mú un lọ sílé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ààbò òṣìṣẹ́, n ó sọ fún un pé kí ó wo ọwọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Àwọn kan yóò sọ pé ìgbàgbọ́ wa ni ó fa àìbìkítà, pé ẹni tí ó bá gba àyànmọ́ gbọ́ kò ní bo bẹ́líìtì. N kò gbà. Èdè wa mọ ìyàtọ̀. Ó pe àjálù kan ní àmúwá Ọlọ́run, ó sì pe òmíràn ní àfọwọ́fà, ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Àṣìṣe wa ni pé a ń fi orúkọ ti ìṣáájú pe ti èkejì, nítorí pé ẹjọ́ Ọlọ́run kò ṣeé pè. Àwọn olùsìn Ògún pàápàá kò rò pé ẹbọ tó láti dípò ìṣọ́ra. Ẹni tí ó pa ajá fún Ògún lórí ọkọ̀ tuntun mọ̀ pé òun ṣì ní láti yẹ bíréèkì wò. Ìrúbọ jẹ́ ọ̀nà láti rántí pé irin léwu. Ẹni tí ó bá rántí bẹ́ẹ̀ tí kò sì bo ẹ̀rọ rẹ̀, òun gan-an ni ó kọ ọ̀rọ̀ Ògún sílẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fi ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Ó ti di ẹgbẹ́ òmìnira láti kẹ́gbẹ́ jọ àti òmìnira kúrò lọ́wọ́ iṣẹ́ àfipáṣe. Ọ̀nà jìn láti ọ̀dọ̀ Adájọ́ Abinger dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí a kọ sínú ìwé kò bo bẹ́líìtì kankan. Alábẹ̀wò tí ó bá wá, tí kò sì gba àpò ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá; ọ̀gá tí ó bá fi owó àwọ̀n irin ṣáájú owó ọkọ̀ tuntun; òṣìṣẹ́ tí ó bá lè sọ pé "ẹ dá a dúró ná" tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní bọ́: àwọn wọ̀nyí ni ó ń bò ó.

Nítorí náà, ó yẹ kí a fi gbólóhùn kan kún òwe àwọn àgbà wa. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ará yòókù tí ó gbọ́n ni ó ń gbé ọkọ́ wá dí kòtò. Bí kòtò bá ṣì là sílẹ̀, a kò tíì gbọ́n. A kàn ń ka iye àwọn tí ó ti jìn ni.